Míkísà tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde: "C" ara rẹ̀ kì í ṣe "Cold"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í kà á dé ìsàlẹ̀: míkísà náà, ẹ̀rọ omi tó ń po gbígbóná àti tútù pọ̀, dára, owó rẹ̀ bọ́ sí i, ẹ lọ rà á. Ẹni tó máa bá yín so ó mọ́ ògiri ni kí ẹ ṣọ́ lójú méjèèjì.

Títì Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, béèyàn bá ń jáde kúrò ní ìlú. Wọn ò kọ orúkọ kankan síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Báàfù aláwọ̀ ewé, dábúlú-sì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bésìnì tí wọ́n tò léra wọn, gbogbo ẹ̀ ló dí ẹnu ọ̀nà pa. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Inú kọ̀ńténà ló ti ń wá, láti Ítálì àti Sípéènì ni wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, látinú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ni ín fẹ́ tún kọ́. Àwọn ẹ̀rọ omi ò sí níta. Inú ni wọ́n kó wọn sí, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti páànù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ó máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ìgbín.

Ọmọkùnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ ní òòfà kan lápò, ó yọ ọ́ lára sípíkà tó ti kú. Ó fi lé ẹ̀rọ tí mo gbé dání, òòfà náà jábọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, idẹ ni. Òòfà ò lè mú un." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Òòfà kì í fa idẹ, kì í sì í fa síǹkì, síǹkì yìí gan-an ni wọ́n sì ń dà pọ̀ fi ṣe àwọn olówó pọ́ọ́kú tó máa ń ya lẹ́nu lẹ́yìn ọdún kan. Torí náà, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò, idẹ máa ń tẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo inú ẹnu rẹ̀, níbi tí páìpù ti ń wọ̀, tí kúrómù kì í dé dáadáa. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá pọ́n bí wúrà tó ti ṣá, ẹ rà á. Bó bá rí eérú, ẹ dá a padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Méjì ni mo mú, irú kan náà, èyí tó ní ọwọ́ méjì tó sì ní ibi tí wọ́n ń so ṣáwà mọ́. Ọ̀kan fún balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ti òkè. Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦25,000, a ná an títí ó fi já sí ₦18,000. "Made in Italy" wà lábẹ́ méjèèjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara idẹ náà gan-an ni, kì í ṣe bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni bọ́tìnì tánganran funfun wà, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n fi dúdú kọ C sí ọ̀kan, wọ́n kọ F sí èkejì. Kò sí pupa, kò sí búlúù. Ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ni, tó ní ìrù kóńkóló lókè àti nísàlẹ̀, C ti ṣá ju F lọ nínú méjèèjì. Ó hàn pé àwọn tó kọ́kọ́ lò ó fẹ́ràn omi gbígbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni. C ni omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Púlọ́ńbà méjì ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ parí ti ìsàlẹ̀ nígbà tí mo wà níléèwé, ó gba owó rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí òkú kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a ò sì rí i mọ́. Ẹni kejì ló ṣe tòkè. Ẹni kejì yìí ò ka lẹ́tà rárá. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé ọwọ́ òsì ni omi gbígbóná máa ń wà, C sì wà lọ́wọ́ òsì, ó so híítà mọ́ ọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní tirẹ̀ kàwé, ìwé ló sì kó bá a. Ó rí C, ó ní Cold nìyẹn, ó wá yí páìpù po lẹ́yìn ògiri kí omi tútù lè gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Bùrọ̀dá, kí ni F wá dúró fún?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Fáyà ni, Mọ́mì."

Ilé kan ṣoṣo wá di ilé elédè méjì. Nísàlẹ̀, C ń yọ omi tútù. Lókè, C ń yọ omi tó ń hó.

Ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí lásìkò Iléyá. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ilé gbogbo máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà, èèyàn á máa sùn sórí àga. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Bréscia ní Ítálì, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ ti pẹ́. Orúnkún ń dùn ún, ìsàlẹ̀ la fi í sí. Àbúrò ọkọ mi wá láti Ṣúrùlérè, òun sùn lókè. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ìdájí Ojúde Ọba, tí oníkálukú ń sáré kí wọ́n lè tètè wé gèlè, kí wọ́n lè bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn jáde, mo gbọ́ "Scotta!" láti ìsàlẹ̀. Èdè Ítálì ni, pé ó ń jó ni. Kò pẹ́ tí Akọ̀wé náà fi ké "Yéè!" lókè.

Àǹtí ṣí F. Lójú tiwọn, freddo ni, omi tútù ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó fi gbígbóná là á. Fáyà púlọ́ńbà ló jáde. Akọ̀wé ṣí C lókè, ó gbà pé Cold ni, ti Ítálì ló sì bá níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Ítálì bọ́ sí balùwẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ti Ítálì. Ẹsẹ̀ nìkan lomi náà bà, kò bó ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Àǹtí fi ìró kọ́ ọrùn jáde, wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló so ẹ̀rọ yìí? Ó kọ freddo sí i, ó fi iná sí i nínú!"

Olùkọ́ èdè Faransé ni mí. Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, mo sì mú èdè Pọtogí mọ́ ọn níbẹ̀. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Badagry, tí wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sọ èdè mìíràn àfi Faransé, tí a sì ń sọ Yorùbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Torí náà ni àwọn ará ilé fi yíjú sí mi pé kí n wá ṣàlàyé. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn kúrú, gèlè ò jẹ́ kí ó gùn. Èyí tó gùn ni mo fẹ́ ṣe fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń rà bí ẹ bá dé ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Látìn ló bí gbogbo wọn. Àwọn ará Róòmù ń pe ohun tó gbóná ní calidus. Ìyẹn ni tinú ìwé. Lẹ́nu, wọ́n ti gé e kúrú sí caldus, kódà àwọn ọlọ́lá pàápàá ń gé e. Quintilian, olùkọ́ ńlá kan ní Róòmù, sọ ọ́ pé Augustus, olórí ìjọba tó kú ní ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kọ lẹ́tà sí Gaius ọmọ ọmọ rẹ̀, ó bá a wí pé kí ló dé tó ń pe calidum tí kò lè pe caldum bí èèyàn. Kò ní calidum kì í ṣe Látìn o. Ó ní àṣejù ni. Nígbà tó yá, olùkọ́ kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ tún ṣe ìwé àtúnṣe fún àwọn ọmọléèwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé calida ni kí wọ́n máa wí, kí wọ́n yé é wí calda. Olùkọ́ ni mí, mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, yàrá àwọn olùkọ́ wa kún fún wọn. Àmọ́ ẹ̀yìn Augustus ni mo wà. Èyí tí wọ́n ní kò dáa yẹn náà ni àwọn ọmọ Látìn jogún, caldus. Calidus ò rí ọmọ bí títí di ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Sípéènì padà lọ sínú ìwé lọ mú un wá, tí wọ́n ń pè é ní cálido.

Ní Ítálì, caldo ṣì ni omi gbígbóná títí di òní olónìí, bí baba ńlá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè latte caldo, wàrà gbígbóná ni wọ́n máa gbé wá. C ti caldo ló wà lára míkísà mi.

Ní ilẹ̀ Faransé, caldus di chaud, "ṣó" ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí C yẹn kì í ṣe sí i nìkan. Cantare, kíkọrin, di chanter. Campus, pápá, di champ. Bí ẹ bá lọ sí Kùtọnù tí ẹ rí C lára ẹ̀rọ omi ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójijì, chaud ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe dẹ́rẹ́bà ní chauffeur. Ẹni tó ń mú nǹkan gbóná ni ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀wá, ẹni tó ń koná mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ náà tó lè rìn. Iná tán, orúkọ kù. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n á ní kí n má parọ́.

Ibi tó ti wá dùn mọ́ mi jù ni Sípéènì. Wọ́n ní caldo lọ́hùn-ún náà, lẹ́tà kan náà, ìró kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbóná mọ́. Omi ọbẹ̀ ni. Caldo de gallina, omi adìẹ, irú èyí tí a máa ń fún abiyamọ. Ẹ lè rí bó ṣe ṣẹlẹ̀: ohun tó gbóná nínú àwo ni wọ́n ń wí, wọ́n ń wí i títí, gbígbóná yọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, omi nìkan ló kù. Ó wá burú débi pé wọ́n ń pe wáìnì ní caldo, wọ́n ń pe òróró àti fínígà náà bẹ́ẹ̀. Ó wá di pé ará Sípéènì lè sọ pé caldo òun ti tutù, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, kí ará Ítálì tó jókòó tì í máa wò ó pé kí ló ń sọ. Ará Ítálì ní tirẹ̀ ń pe omi ẹran ní brodo. Bí àwọn ará Sípéènì bá fẹ́ sọ pé nǹkan gbóná, caliente ni wọ́n ń wí, inú agbo ilé kan náà ló ti wá, ẹ̀ka mìíràn ni. Torí náà C ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ tiwọn náà, C ti caliente, F ti fría. Ṣọ́ọ̀bù títì Ìbàdàn yẹn ní méjì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lọ.

Àwọn Pọtogí ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò fún Ìjẹ̀bú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Duarte Pacheco Pereira tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ẹni tó bá ti rí Erédò Sùngbọ́ mọ yàrà tó ń wí. Lẹ́nu tiwọn, caldo jẹ́ omi ọbẹ̀ bíi ti Sípéènì. Caldo verde wọn, ọ̀dùnkún tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sí, àti sọ́séèjì kékeré kan lójú rẹ̀. Ìgbà tí caldo wá sọdá òkun dé Bràsíl, ó di nǹkan mìíràn. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń ta caldo de cana létí títì, omi ìrèké tí wọ́n fún nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń da yìnyín sí kí ó lè tutù nini. Ọ̀rọ̀ tí Augustus ń jà fún pé gbígbóná ni, yìnyín ni wọ́n ń fi í mu ní São Paulo. Mo ka èyí nígbà tí mo wà ní Ifẹ̀, mi ò gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà náà.

Gbígbóná gan-an lọ́wọ́ àwọn Pọtogí ni quente. Q ló máa wà lára ẹ̀rọ tiwọn, Q àti F. Ẹ fi Q yìí sọ́kàn.

Ohun èlò ìdáná tó ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde náà ò gbẹ́yìn. Caldaria ni Látìn ń pe ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi. Ní Ítálì, ó di caldaia, ẹ̀rọ tó ń mú omi ilé gbóná. Ní Sípéènì, ó di caldera, ìkòkò ńlá, wọ́n sì tún ń pe kòtò orí òkè tó ń yọ iná bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kárí ayé ti yá a. Àwọn Pọtogí ní caldeira, wọ́n sì ní caldeirada, ẹja tí wọ́n tò léra pẹ̀lú ọ̀dùnkún nínú ìkòkò, tí ó máa dùn lẹ́nu ará Ẹ̀pẹ́. Ní Ròmáníà, căldare wá di bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, tí èèyàn lè fi pọn omi tútù láti inú kànga.

Ròmáníà yìí ló mú mi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn Iléyá mo padà lọ, mo fẹ́ ra bọ́tìnì mìíràn tí mo lè fi pààrọ̀. Mo rí míkísà kan nínú páànù, C wà lára rẹ̀, R wà lára rẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ni R. Ó fọkàn balẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Red ni. Pupa. Omi gbígbóná nìyẹn." Mo ní ó tún ku ọ̀kan. R ni omi tútù. Rece ni, ará Ròmáníà ló ni ẹ̀rọ yẹn, C rẹ̀ sì ni cald.

Gbogbo àwọn ọmọ Látìn yòókù tí mo dárúkọ ló di frigidus mú fún omi tútù: freddo, froid, frío, frio. Ìyẹn ni F ṣe ń tẹ̀ lé wọn láti ilé dé ilé. Ròmáníà nìkan ló yà síbòmíràn. Ìgbà tí Trajan, olórí ìjọba Róòmù, ṣẹ́gun ilẹ̀ Dacia, tí Ròmáníà wà lónìí, ní ọdún 106 ni Látìn dé ibẹ̀. Kò tó igba ọdún tí àwọn ológun Róòmù fi kó ẹrù wọn kúrò, láàárín 270 sí 275, tí Látìn ibẹ̀ wá ń dá dàgbà, tó jìnnà sáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rece wọn wá láti recens, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, ohun tí kò tíì pẹ́. Nínú rẹ̀ náà ni Faransé ti rí récent, Ítálì rí recente, Sípéènì rí reciente: ohun àìpẹ́ yìí. Ṣé ẹ rí i? Omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú kànga, omi tuntun, omi tútù. Ó ya ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu pé báwo ni tuntun ṣe lè di tútù. Mo ní òun tó ń lọ sọ́jà Òkè-Àjé tó ń béèrè ẹja tútù, ṣé ẹja tó wà nínú yìnyín lòun ń wá? Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni. Ata tútù, ewé tútù. Yorùbá ò ní láti lọ kọ́ èyí ní Ròmáníà.

Púlọ́ńbà kan bi mí pé ṣé àwọn òyìnbó ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan ni. Wọn ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó le jù. Plicare ni Látìn fi ń pe kí èèyàn ká nǹkan, kí ó ṣẹ́ ẹ po. Faransé ṣì ní plier, Ítálì ní piegare, kíká náà ni. Sípéènì gba ọ̀rọ̀ kan náà, ó di llegar, ìyẹn "dé". Pọtogí ní chegar, "dé" náà ni. Ròmáníà gbà á, ó di a pleca, "kúrò". Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé ni pé atukọ̀ ló máa ń ká ìgbòkun nígbà tí ọkọ̀ bá dé èbúté, ológun ló sì máa ń ká àgọ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣí lọ. Etí òkun ni Sípéènì àti Pọ́túgà wà, àwọn ológun ló sì kún Dacia. Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń jáde. Ẹ wá ń retí kí C lára ẹ̀rọ omi dúró sójú kan.

(C ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bínú, kò bá caldus tan rárá. Cold bá gelu Látìn tan láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn yìnyín, tí Ítálì fi ń pe áísìkiriìmù ní gelato. Ṣùgbọ́n scald, kí omi gbígbóná bó èèyàn, caldus wà nínú ìyẹn, láti excaldare. Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ Faransé. Akọ̀wé gbọ́ èyí, kò rí i bí ohun ẹ̀rín.)

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wù mí níbẹ̀: wọn kì í parọ́ pé ọjà tuntun ni. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ tú u wò, wọ́n ní táǹkì kékeré kan lẹ́yìn tí wọ́n fi ń dán an wò bóyá ó ń jò. Ọ̀kan nínú méjì tí mo kọ́kọ́ mú jò nídìí ọwọ́, wọn ò bá mi jiyàn, wọ́n ní kí n mú òmíràn. Láti ìgbà tí a ti so ó mọ́ ògiri, kò tíì kán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò há. Bí mo bá fi ọṣẹ àti aṣọ nu kúrómù rẹ̀, ó ń dán débi tí mo lè fi wé gèlè.

Ohun tí kò wù mí: wọn kì í fúnni ní rìsíìtì àfi béèyàn bá jà. Wọn kì í ta wáṣà, wọn kì í ta ohun tó wà nínú ọwọ́ ẹ̀rọ tó máa ń jẹ. Bí tiyín bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ ó ra odindi òmíràn, tàbí kí ẹ wá lọ ṣa nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi rí èyí tó bá a mu. Ìwọ̀n páìpù rẹ̀ bá tiwa mu, ìyẹn ò ní yọ yín lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tà. Kó máa sọ fún oníbàárà pé R ni Red, ìyẹn burú, torí ọmọ kékeré lè wà nílé ẹni tó rà á. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn. Ó gbọ́, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo fi máákà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí, wọ́n kàn án mọ́ ògiri: C/F, Ítálì, Sípéènì, Faransé, C gbóná. C/R, Ròmáníà, C gbóná. Q/F, Pọ́túgà, Q gbóná. H/C, Gẹ̀ẹ́sì, C tutù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí i, èmi ni mo kọ ọ́, ẹ fori jì mí fún ìkọ̀wé mi.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi púlọ́ńbà àti lẹ́tà náà sílẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ so híítà mọ́ ọwọ́ òsì, kí ẹ yọ bọ́tìnì tánganran méjèèjì (ó ń yọ bí ẹ bá fi ẹnu ọ̀bẹ tí kò mú tì í lábẹ́ jẹ́jẹ́), kí ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní pupa àti búlúù kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé. Mo fẹ́ràn C àti F mi, mi ò fẹ́ kun ún, torí náà mo ní kí púlọ́ńbà kejì tú ti ìsàlẹ̀ kó so ó bí àwọn ará Ítálì ṣe ní kí ó wà. Ó gba ₦7,000. Bébà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí nísinsìnyí fún àlejò. Àǹtí ti padà sí Bréscia, wọ́n ní ìgbà tí àwọn bá tún dé, F ni àwọn á kọ́kọ́ ṣí, kí a sì má ṣe jẹ́ kí púlọ́ńbà kankan wọlé lẹ́yìn àwọn.

Máàkì tí mo fún ọjà náà, 9 nínú 10. Ṣọ́ọ̀bù, 6. Púlọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ilé ìdáná ló kù tí mo fẹ́ ṣe. Wọ́n ní míkísà Pọtogí kan níbẹ̀, ó gùn lọ́rùn, Q àti F ló wà lára rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó máa sọ pé Q ni Cold. Wọ́n ní ₦30,000, mo ní ₦22,000. Wọ́n ti já a sí ₦27,000, àmọ́ wọ́n ní kí n má pẹ́, alágbàṣe kan láti Ṣàgámù ti fọwọ́ kàn án.